Ẹnu Mi Kọ́ Ni Wọn Yóò Fi Pa Ọmọ Mi

Báàgì kékeré kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá wa ní Sharjah níbí. Aṣọ ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ife omi rẹ̀ àti bàtà kan tí kò tíì mọ̀ ọ́n fi rìn dáadáa. Mo ti di báàgì náà, mo ti tú u, mo sì tún ti dì í padà. Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé, tó ń bá mi wo ọmọ nígbà tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, ń lọ sílé pátápátá. Ó ní tí ó bá di dandan, òun á bá mi gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Bí mo bá gbà láti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà, ọmọ mi yóò dúró tì mí. Bí n kò bá sọ ọ́, báàgì yìí yóò wọ bàálù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, ṣé ẹ mọ gbólóhùn náà? Wọ́n fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pe ọmọ mi ní òkú, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí nǹkan fi ṣe ìdánwò. Inú mi bàjẹ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹkún ni mo wá sun fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé Dubai, nígbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń pe gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí èmi náà dé tí ọrọ̀ ajé ìlú náà fi dojú dé. Kíréènì dúró sójú ọ̀run bí ẹyẹ tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ilé tí wọ́n kọ́ dé àárín di ti ẹyẹlé. Àwọn òyìnbó tí gbèsè ká mọ́ pa mọ́tò wọn tì sí pápákọ̀ òfurufú, wọ́n sá lọ. Iléeṣẹ́ ọkọ mi kógbá sílé, òun náà sì di sikiọ́ríìtì ní Discovery Gardens ní Dubai náà, níbi tí wọ́n kó òun àti àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀ sínú yàrá kan. Ta ló máa gbé ìyàwó àti ọmọ wọ àárín ìyẹn? Bí mo ṣe dé Sharjah nìyẹn, níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀, nínú yàrá tí kọ́tìnì pín sí méjì, Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ lápá kan, èmi àti ọmọ lápá kejì. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ nìkan ni ọkọ mi ń wá. Àwa àti ọmọ á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan, Ẹ̀gbọ́n á sì wúkọ́ kó tó kọjá.

Ẹ̀rù ló bí mi, ẹ má tan ara yín. Láti ìgbà tí mo ti bí Àyọ̀mídé, n kì í lè sùn kí n má fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò. Bí ó bá sín, mo ti dìde. Ìyá mi kò sí nítòsí, ìyá ọkọ mi kò sí nítòsí. Ta ló máa sọ fún mi pé bí ọmọ ṣe ń ṣe nìyẹn? Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ara ọmọ bá ń jó bí iná, ìyá mi á ní ara rẹ̀ kò dá. Gìrì, kò jẹ́ pè é ní gìrì, àìperí ló ń pè é. Bí àwọn àgbà kì í ti í pe ejò ní ejò lálẹ́, tó jẹ́ okùn ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi kì í jẹ́ kí orúkọ ibi jókòó ti orúkọ ọmọ. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ta ni yóò ṣà á jọ?

Ilẹ̀ gbígbá ni mo kọ́kọ́ ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. N kò kàwé ní kékeré. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Jímọ̀, torí Jímọ̀ ni Sunday tiwa níbí. Tíṣà wa, bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe akọ̀wé fún àwọn oníṣòwò ní Al Ras, a máa ní kí olúkúlùkù dìde kó ka ìwé síta kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Ìdánwò tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá arúgbó á dúró, á máa wá ọ̀rọ̀ kan kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ á sì jókòó lẹ́yìn tí yóò máa wolẹ̀. Mo mọ bí ìdánwò ṣe ń rí lára àgbà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí o bọ́ aṣọ lójú títì. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo kà á. Ọjọ́ tí mo ka ojú ìwé kan tán láìdúró, bàbá náà pàtẹ́wọ́, mo sì rìn dé ilé bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi àti onítọ̀hún jọ ń jà ni.

Obìnrin ará India kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Madam Líínà. Òun ló ń wá àwọn aláìsàn tí kò ṣàìsàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, kì í ṣe aláìsàn gidi ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìdánwò wọn. Wọn á wá ẹni tí ara rẹ̀ le, wọn á kọ́ ọ ní àìsàn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré ní orin: ibi tó ń dùn ọ́ rèé, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ rèé, bí wọ́n bá bi ọ́ ní báyìí kí o dáhùn báyìí, má fi kún un, má yọ níbẹ̀. O ó jókòó sínú yàrá kékeré kan, olùkọ́ kan á wà ní kọ̀rọ̀ tí yóò máa fún wọn ní máàkì láìsọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á wọlé, agogo á dún, á jáde, òmíràn á wọlé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ, kó má baà sí ojúsàájú. Madam Líínà gbọ́ ohùn mi níbi tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọkùnrin kan wí tó fi bàtà tẹ ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó ní, "Ìwọ. Yalla, ó yá, tẹ̀lé mi." Bí mo ṣe di aláìsàn nìyẹn.

Iṣẹ́ náà dára. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀, pẹ̀lú ti ilẹ̀ gbígbá, ni mo fi lè mú ọmọ mi dúró sọ́dọ̀ mi. Mo ti ní ìtọ̀ ṣúgà, mo ti ní òkúta inú kíndìnrín, mo ti ní jẹjẹrẹ ọmú. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, á ní, "Ìyàwó mi, kí ló ṣe ọ́ lónìí?" Màá ní kíndìnrín ni. Á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ọkàn, ọ̀sẹ̀ yìí kíndìnrín. Ṣé kí n ti máa wá ìyàwó mìíràn sílẹ̀?" Mo ní kó wá a, kó sì wá bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá èrò, tí yóò gbé e sí. Ẹ ó ní ṣé ìyẹn kò bà mí lẹ́rù? Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, kí n tó jáde nílé, mo máa ń gbé ọwọ́ lé orí ara mi. Mo máa ń sọ pé, orí mi, iṣẹ́ la fẹ́ lọ ṣe o, eré ni, má gbà á. Màá sì fi orúkọ Jésù dé e. Orí mi gbọ́, torí àwa méjèèjì la jọ ń lọ síbi iṣẹ́.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé àìsàn tuntun dé. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni ara mi kò yá. Mo jẹ́ ìyá ọmọ kan tí gìrì mú láàárọ̀, tí ojú rẹ̀ yí, tí kò mí fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ ni "Ọmọ mi". Nígbà tí a ń fi kọ́ra, inú ìwé ni mo ti ń kà á, ojú mi kò kúrò lórí ìwé. Ẹni tó ń kàwé kò tíì sọ̀rọ̀. Madam Líínà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an, bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé orí mi, mo gbọ́ tí Àyọ̀mídé ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì, Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ ń bá a ṣeré. Ọwọ́ mi dúró lórí mi. Orí tèmi gbọ́ pé eré ni. Orí ọmọ mi ńkọ́? Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé. Kò mọ Madam Líínà. Ohùn tó mọ̀ jù láyé yìí ni ohùn ìyá rẹ̀. Bí ohùn yẹn bá wá ní báyìí báyìí ti ṣe é, ta ni yóò sọ fún un pé kó má gbà á gbọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé, ọmọkùnrin kan tí òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó bi mí ní ohun tó gbé mi wá. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ọmọ kan wà ní ilé wa." Ó ní ṣé ọmọ mi ni. Mo ní ọmọ kan ni. Ó ní ta ló bí i. Mo ní Ọlọ́run ni. Ó ní ọmọ mélòó ni mo ní. Mo ní a kì í ka ọmọ. Ó ní ṣé irú rẹ̀ ti ṣe é rí. Mo ní Ọlọ́run má jẹ́ẹ. Ọmọ ọlọ́mọ dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú. Agogo dún. Ẹni tó tẹ̀lé e, bákan náà. Ọmọbìnrin Sudan kan tiẹ̀ fura pé mo jí ọmọ náà gbé ni, ó rò pé ọgbọ́n tí wọ́n fi sínú ìdánwò nìyẹn, ó sì fi gbogbo àkókò rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Olùkọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ ń wò mí ṣáá, òfin kò sì jẹ́ kó dá sí i. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni mo ń sọ fún ara mi pé ẹni yìí ni màá sọ ọ́ fún. Ahọ́n mi á sì dì.

Lẹ́yìn náà ni Bùsáyọ̀ wọlé. Ọmọ Yorùbá ni, àwọn òbí rẹ̀ ń gbé Al Warqa. N kò mọ̀ ọ́n ju pé bó bá kọjá níbi tí mo ti ń nulẹ̀, á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Auntie," á sì fo ibi tó tutù. Òun náà béèrè ohun tó gbé mi wá, ní Gẹ̀ẹ́sì, bí òfin ṣe wí. Mo sọ ohun tí mo sọ fún àwọn yòókù. Kò bi mí pé ọmọ ta ni. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Madam, ọmọ yẹn, ẹ̀yìn ta ló wà láàárọ̀ yìí?" Mo ní, "Ẹ̀yìn mi." Ó ní Ọlọ́run yóò wò ó. Mo ní àmín. Ó wá ní òun yóò máa sọ ohun tó lè ṣe ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, bó bá kan èyí tí mo rí, kí n kàn mi orí. Ó ń sọ ọ́, mo ń mi orí. Kí agogo tó dún, ó ti mọ gbogbo rẹ̀, ẹnu mi kò sì dárúkọ ibi kankan mọ́ ọmọ mi. Olùkọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé.

Ní àkókò yẹn, obìnrin kan, Dókítà Sámíà, ń wádìí bí ìdánwò ṣe ń rí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ìdánwò bá ti parí, á kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn, á pín ìbéèrè fún wọn. Ṣé ìdánwò náà bá ohun tí a kọ́ yín mu? Ṣé ó fi ohun tí ẹ mọ̀ hàn? Ṣé ẹ̀rù jẹ́ kí ẹ lè ronú? Ṣé kò sí ojúsàájú? Wọn á mú ìdáhùn láti orí "mo gbà gan-an" dé orí "n kò gbà rárá", kò sì sí pé wọ́n ń kọ orúkọ síbẹ̀. Èmi ni mo ń nu tábìlì gbọ̀ngàn náà, mo sì fẹ́ràn obìnrin yìí gidigidi. Ta ló tún ń bi ẹni tí wọ́n ń dán wò léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀? Bàbá Ìjẹ̀bú kò bi wá rí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, yàrá tèmi ni gbogbo wọn kọjú sí. Wọ́n ní ibi yòókù dára, ibẹ̀ nìkan ni kò dọ́gba. Wọ́n ní aláìsàn náà kò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn kan sì kọ ọ́ pé ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ọmọ Nàìjíríà sì ni aláìsàn, kí wọ́n wádìí bóyá wọn kò ti jọ sọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi mọ bí ìdánwò ṣe rí ló wá di ẹ̀sùn lọ́rùn àwa méjì.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Madam Líínà fà mí wọ ibi tí wọ́n ti ń po tíì, ó ní, "Sọ pé o gbàgbé. Gẹ̀ẹ́sì le fún ọ, kíláàsì àgbà lo lọ, gbogbo wa mọ̀. Wọ́n á ní kí n tún ọ kọ́. Khalas, ó parí." Mo mọ̀ pé ire mi ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bí mo bá ní mo gbàgbé, báwo ni Bùsáyọ̀ ṣe mọ ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ti gbàgbé? Ọrùn ọmọbìnrin náà ló máa já sí, wọ́n á sì lé e. Bí mo bá sì ní n kò gbàgbé, pé mo kọ̀ ọ́ ni, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ibi tí iṣẹ́ mi bá sì gbà lọ ni ọmọ mi yóò gbà. Ọmọ mi rèé, ọmọ ọlọ́mọ rèé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wọlé.

Dókítà Sámíà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gá àgbàlagbà kan tó ń darí ìdánwò. Bùsáyọ̀ dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ọ̀gá náà bi mí bóyá mo gbàgbé ọ̀rọ̀ mi. Mo ní rárá, kó fún mi ní bírò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì níwájú wọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí "ọmọ mi" yẹ kó wà nìkan ni mo fa ìlà lásán sí. Ó kà á, ó ní kí ló wá dé tí n kò sọ ọ́.

Mo ní, "Torí mo ní ọ̀kan nílé, sà."

Ó ní eré ni. Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi ni kò mọ̀. Mo ní ọmọbìnrin tó dúró yìí kò gbọ́ ju ìdáhùn "ẹ kú iṣẹ́" lẹ́nu mi rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo sọ fún àwọn yòókù ni mo sọ fún un. Mo wá kọjú sí Dókítà Sámíà, mo ní, "Mà, ẹ ti bi gbogbo àwọn tó wọlé bí ìdánwò náà ṣe rí. Ẹ kò bi ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀." Ó ṣí bírò rẹ̀, ó tún dé e. Ọ̀gá náà ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò pariwo. Ó ní, "Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Wọ́n kàwé, wọ́n wá. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọn kì í ṣe Yorùbá?" Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn, n kò rí èsì rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọn kò jẹ̀bi. Èmi náà kò jẹ̀bi. Ẹ bá mi wo irú ọ̀ràn yẹn.

Wọ́n fagi lé máàkì yàrá náà fún gbogbo wọn, wọ́n tún un ṣe. Obìnrin ará Philippines kan ló jókòó sí àga mi, ó sọ "ọmọ mi" fún gbogbo wọn, ó sì lọ jẹun. Mi ò dá a lẹ́bi. Ibi tí wọ́n ti bí i, bóyá orí ọmọ kì í gbọ́ràn láti òkèèrè. Ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn Bùsáyọ̀. Èmi padà sídìí ilẹ̀ nínù títí kọ́ntíráàtì mi yóò fi parí. Ọjọ́ kan ni Bùsáyọ̀ wá sí Sharjah, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì, ó gbé ọmọ mi sí itan. Ó ní òun ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, òun sì yege. Ó ní Dókítà Sámíà tún pín ìbéèrè, ó fi ọ̀kan kún un: ṣé aláìsàn náà dà bí ẹni gidi lójú yín? Mo ní kí ló kọ. Ó ní, "Mo kọ ọ́ pé ti àkọ́kọ́, Auntie." Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ pa òṣé lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ní, "Ó tó. Ẹ wá jẹun."

Ní báyìí, kọ́ntíráàtì ti ń parí. Madam Líínà tún ti pè mí. Ó ní wọ́n ń wá ìyá adúláwọ̀ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún dé ọdún, pẹ̀lú físà àti owó tó tó gba ẹni tí yóò máa wo ọmọ, kò sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tèmi. Ṣùgbọ́n àìsàn tuntun náà le ju ti gìrì lọ. Ìyá náà yóò jókòó, yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọmọ òun ti lọ, wọ́n á sì wo bí akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe máa tù ú nínú. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni kí n fèsì. Ọkọ mi ní kí n sọ ọ́, kí n fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ẹnu mi, pé Ọlọ́run kì í ṣe ọmọdé, ó mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ó la ẹnu lórí fóònù. Ó pa á dé. Ó ní òun á pè mí padà. Ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀ ní tòun ò pọ̀, pé ọmọ tó bá wà ní Ìsẹ́yìn, mo ṣì lè lọ mú un. Kò sọ ìyókù. Mo gbọ́ ọ.

Mo ti fèsì fún Madam Líínà láìdúró de Jímọ̀. Mo ní kó pa èmi. Kó kọ́ mi ní àìsàn tó burú jù nínú ìwé wọn, èyí tí wọ́n kò rí oògùn rẹ̀. Màá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, màá kú fún ẹni tó wọlé, nígbà tí agogo bá dún màá dìde, màá tún kú fún ẹni tó tẹ̀lé e. Orí mi máa wà níbẹ̀, mo máa ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn. Ó ní òun yóò bá wọn sọ ọ́, pé kí n má retí púpọ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ ṣáájú mi. Ṣé kí n tú báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, àbí kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀? Bí ó bá lọ, kí ni kí n máa sọ fún un lórí fóònù tí kò fi ní gbàgbé mi? Gbogbo èyí ni mo ń béèrè. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe sọ, torí n kò béèrè rẹ̀: ẹ má sọ pé kí n sọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Àyọ̀mídé báyìí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Kò mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi, ó sì dáhùn. Ohùn tó ń dá lóhùn yẹn, n kò tà á.